Òrùlé Ṣíńgù: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Dáadáa Kí Ẹ Tó Fi Owó Ẹ̀yáwó Rà Á

 

Nínú ìwé ẹ̀yáwó tó ń dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ fún ilé kíkọ́ àti àtúnṣe ilé, ọ̀rọ̀ òrùlé pọ̀ níbẹ̀. Ẹlòmíràn fẹ́ ṣí páànù àtijọ́ kúrò lórí ilé bàbá rẹ̀ ní Mushin. Ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ilé dé òkè ni. Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń bi wá: "Ṣíńgù tí à ń rí lórí ilé àwọn èèyàn yìí, ṣé ó dára fún òjò Èkó?"

Ìdáhùn wa nìyí: ó dára níbi tó bá yẹ, ó sì lè ba ilé jẹ́ níbi tí kò bá yẹ. Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ la fẹ́ là sílẹ̀ lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa. Ẹni tó yá owó kan òrùlé, tí òrùlé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò kí ó tó san owó tán, gbèsè méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀: ti ẹgbẹ́ àti ti káfíńtà tí yóò tún un ṣe. Àwọn tó ṣe onídùúró fún un kò ní sùn dáadáa. Bí ó bá sì jẹ́ oníṣòwò tó ń kó ọjà sínú yàrá, àpò ìrẹsì, ìdì aṣọ tàbí páálí mílíìkì, òru ọjọ́ kan péré tó láti sọ owó òwò di ẹrẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé tí a fi owó ẹgbẹ́ kọ́, ẹ má jẹ́ kí a fi itọ́ bò ó.

BÍ ÒRÙLÉ ṢE Ń YÍ PADÀ NÍ ÈKÓ

Koríko àti imọ̀ ọ̀pẹ ni àwọn baba wa fi ń bo ilé. Lẹ́yìn náà ni páànù dé. Ní ìlú London ni Henry Robinson Palmer ti gba ìwé àṣẹ lórí páànù oníṣẹ́po ní 1829. Ní 1837 ni ará Faransé kan wá rí ọ̀nà láti fi síńkì bo irin kí ó má tètè dógùn-ún. Páànù yìí ló tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wo Ìbàdàn láti orí òkè yóò rí òrùlé pupa rẹrẹ bí ilẹ̀ amọ̀.

Ní ìhà tiwa níbí, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Iṣẹ́ àjọ náà wà lára ohun tó sọ Yábàá di àdúgbò tí a fi ètò là. Láti 1955 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wá sí Sùúrùlérè. Ilé àtijọ́ ṣì wà káàkiri àdúgbò wọ̀nyí, òmíràn ní páànù tó ti dógùn-ún, òmíràn ní asbestos eléèérú.

Alumíníọ̀mù longspan ni ó wá gba ìgboro. Lẹ́yìn rẹ̀ ni páànù tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí lójú dé, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Gerard, ẹni yòówù kó ṣe é. Ṣíńgù ló tẹ̀ lé e. Nítorí pé òkúta wẹ́wẹ́ wà lójú àwọn méjèèjì, àwọn èèyàn máa ń ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Bẹ́ẹ̀ irin ni ti àkọ́kọ́, ṣíńgù kì í ṣe irin rárá.

KÍ NI ṢÍŃGÙ?

Kóótà tí a fi ń ṣe títì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi fọ́nrán gíláàsì ṣe ohun kan bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á rì í sínú kóótà, wọ́n á wá da òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ sí i lójú. Fọ́nrán gíláàsì ni kì í jẹ́ kí ó ya, kóótà ni kì í jẹ́ kí omi wọlé, òkúta sì ni agboòrùn rẹ̀: òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn jó kóótà gbẹ. Ní Grand Rapids, ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ni Henry Reynolds ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e ní ẹyọ ẹyọ ní 1903. Títí di òní, òun ló wọ́pọ̀ jù lórí ilé gbígbé ní orílẹ̀-èdè náà.

Ṣé ẹ rí i, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń kàn án, èyí tó wà lókè á gun orí ti ìsàlẹ̀, bí ìpẹ́ ẹja. Kò dí omi pa bí agolo. Ńṣe ló ń jẹ́ kí omi máa ṣàn láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì títí yóò fi dé etí òrùlé. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù dúró lé.

ÒJÒ ÈKÓ KÌ Í ṢE ÒJÒ KÉKERÉ

Òjò wa máa ń pọ̀ jù ní oṣù Okúdù, ó máa ń dín kù díẹ̀ ní oṣù Ògún, a sì tún padà ní oṣù Owewe àti Ọ̀wàrà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ, 2011, òjò tó rọ̀ ní Èkó ní ọjọ́ kan ṣoṣo lé ní 200 mílímítà. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Mítà kan níbùú lóòró òrùlé gba lítà omi 200, ìyẹn odidi dúrọ́ọ̀mù kan. Ilé tí òrùlé rẹ̀ bo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 148 níbùú lóòró gba dúrọ́ọ̀mù 148 láàárín ọjọ́ kan. Bí kìkì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún omi yìí bá ráyè wọlé, dúrọ́ọ̀mù kan ààbọ̀ nìyẹn lórí síìlìn yín.

Òjò nìkan kọ́. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, láti oṣù Èrèlé sí oṣù Igbe, máa ń gba abẹ́ etí òrùlé wọlé, á gbé e sókè. Ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé, 2012, irú ìjì bẹ́ẹ̀ ṣí òrùlé ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó. Oòrùn tún wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti inú òkun àti ọ̀sà, tí ń jẹ irin ṣùgbọ́n tí kì í jẹ ṣíńgù.

Nítorí náà, ìyìn tó tọ́ sí ṣíńgù kò kéré. Kì í dógùn-ún. Bí òjò ti ń rọ̀, kò ní ariwo bíi ti páànù. Ẹ lè bá ara yín sọ̀rọ̀ nínú ilé láìpariwo. Èyí tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì ṣe dáadáa máa ń gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò iná láti òde, ìyẹn sì ṣe pàtàkì ní àdúgbò tí ilé fara kan ilé. Bí ibì kan bá bàjẹ́, ẹyọ díẹ̀ ni wọn óò yọ, kì í ṣe odidi páànù gígùn.

OHUN MẸ́TA TÍ KÒ GBỌDỌ̀ YẸ̀

Èkíní ni ìdagẹ̀rẹ̀. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ṣíṣàn ni omi ń ṣàn lórí ṣíńgù, òrùlé gbọ́dọ̀ dagun tó. Láti etí òrùlé dé abẹ́ góńgó rẹ̀, bí ẹ bá wọn ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ sínú, kí òrùlé ti ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó kéré tán. Bí ó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 4, wọ́n lè kàn án, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì ni bébà oníkóótà tó ń wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí kò bá tó 2, ẹ má dán an wò rárá. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa ni òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ nítorí pé páànù ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó bá kan ṣíńgù mọ́ irú èyí, ìjì á ti omi padà sókè sábẹ́ rẹ̀, ó di kí a máa gbé bàsíà káàkiri yàrá.

Bákan náà ni àṣà ìgbàlódé tí wọ́n fi ń mọ ògiri yí òrùlé ká kí ojú má rí i láti ìta. Omi tí kò rí ọ̀nà etí òrùlé bọ́ sílẹ̀ yóò kóra jọ sẹ́yìn ògiri náà. Bí ewé bá dí ojú ọ̀pá omi, inú ilé lomi ń bọ̀, ì báà jẹ́ ṣíńgù ì báà jẹ́ alumíníọ̀mù.

Èkejì ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Páànù lè dúró lórí igi tó jìnnà síra. Ṣíńgù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Orí pákó tó tẹ́ wọn pátápátá ni à ń kàn án sí, bíi pláíwúùdù. Bébà oníkóótà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ́ sórí pláíwúùdù náà. Ibí yìí gan-an ni àwọn kan ti ń rẹ́ onílé jẹ. Wọ́n á ra pláíwúùdù fẹ́lẹ́ tí kò lè gba omi, èyí tí wọ́n ń fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, wọn kò sì ní fi òògùn ikán kun igi. Láti ìsàlẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, pláíwúùdù á wú, á gbá jọ bí àkàrà tó bọ́ sómi, ìṣó á tú, ṣíńgù tó dára lókè á sì jókòó sórí ohun tó ti jẹrà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ wo pláíwúùdù kí wọ́n tó bò ó.

Ẹ̀kẹta ni atẹ́gùn. Kóótà dúdú lábẹ́ oòrùn Èkó lè gbóná ju 60 dígírì Celsius lọ. Bí ooru yìí kò bá rí ibi gbà jáde láàárín síìlìn àti òrùlé, á máa se ṣíńgù láti abẹ́, á sì máa se ẹ̀yin náà nínú yàrá. Ìlànà tí wọ́n ń lò ni pé bí síìlìn bá fẹ̀ tó mítà 150 níbùú lóòró, kí ojú atẹ́gùn tó mítà 1 níbùú lóòró, ìdajì lábẹ́ etí òrùlé, ìdajì lókè lẹ́bàá góńgó. Kí wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì sí i kí eku àti ẹyẹ má bàa sọ ọ́ di ilé.

Ẹ FI ÌṢIRÒ YÌÍ ṢE ÀPẸẸRẸ

Ká ní ilé yín gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 10, òrùlé sì yọ síta ní ìwọ̀n 0.6 mítà yíká. Gígùn di 13.2, fífẹ̀ di 11.2. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ó tó mítà 148 níbùú lóòró. Bí òrùlé bá ga ní ẹsẹ̀ 4 fún 12, ojú rẹ̀ gan-an á fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi 1.054 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 156. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún un fún èyí tí wọn óò gé dànù, ó di 172.

Ìdì ṣíńgù kan sábà máa ń bo nǹkan bíi mítà 3.1 níbùú lóòró, ìyẹn ni pé ẹ nílò ìdì 56. Pláíwúùdù ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 ń bo 2.97, ẹ nílò 58. Ti góńgó àti ti etí òrùlé lọ́tọ̀. Káfíńtà tó bá ní kí ẹ ra 80 fún irú ilé yìí ní láti ṣàlàyé fún yín. Èyí tó ní 40 náà ní àlàyé láti ṣe, nítorí pé bóyá ó fẹ́ fi ṣíńgù là jìnnà síra ni.

Ẹ jẹ́ ká wọn ìwúwo rẹ̀ náà. Ṣíńgù pẹ̀lú pláíwúùdù tó nípọn ní mílímítà 12 jẹ́ nǹkan bíi kílò 18 fún mítà kan níbùú lóòró. Lórí 156, ó tó kílò 2,800, bí ẹni kó àpò sìmẹ́ǹtì 56 jókòó sórí ilé. Alumíníọ̀mù tó nípọn ní 0.55 mílímítà kò tó àpò 6 lórí ilé kan náà. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ṣí páànù kúrò lórí ilé ogójì ọdún kí ó sì fi ṣíńgù dípò, ẹ má kàn pe káfíńtà nìkan. Ẹ pe ẹnjiníà kó wo igi òrùlé àti ògiri. Ohun tí ojú wa ti rí nípa ilé tó ń wó ní Èkó ti tó.

ṢÉ OWÓ RẸ̀ BÁ A MU?

Iye ọjà ń yí padà lójoojúmọ́, a kò ní fi iye kankan sílẹ̀ níbí tí yóò ti di irọ́ kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ọ̀nà ìṣirò la fẹ́ fi hàn. Ẹ ko gbogbo owó jọ: ṣíńgù, pláíwúùdù, bébà, ìṣó, òògùn ikán, ọkọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wá pín in sí iye ọdún tí ẹ retí pé yóò lò. Fún àpẹẹrẹ lásán, bí òrùlé kan bá gba mílíọ̀nù 3 náírà tó sì lo ọdún 15, ₦200,000 ni ọdún kan. Bí òmíràn bá gba mílíọ̀nù 6 tó sì lo ọdún 20, ₦300,000 ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kan òmíràn yìí burúkú tó fi bàjẹ́ lọ́dún 5, ó ti di mílíọ̀nù 1 àti ₦200,000 lọ́dún kan. Owó kan náà ni o. Ọwọ́ tó kàn án ló yàtọ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé "ọdún 30" tí wọ́n kọ sára páálí. Ìlérí olùṣe ni, ó sì ní àdéhùn nínú: bí ìdagẹ̀rẹ̀ kò bá tó, bí atẹ́gùn kò bá sí, bí ìṣó kò bá pé, àdéhùn ti bàjẹ́. Oòrùn tó pọ̀ a sì máa dín ọjọ́ rẹ̀ kù. Ẹ bi olùtajà pé ta ni yóò san án ní Èkó níbí, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ Ó WÒ LỌ́JÀ ÀTI LẸ́NU IṢẸ́

Yálà ní Odúnadé ní Òrílé lẹ ti fẹ́ rà á ni tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ já ìdì kan wò. Ẹ fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀. Òkúta díẹ̀ lè já, ṣùgbọ́n bí ó bá ń dà bí gààrí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ó bá kán, ó ti gbẹ.

2. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà lára gbogbo ìdì bára mu, kí àwọ̀ má bàa yàtọ̀ lórí ilé. Ẹ má ra èyí tó ti jókòó sínú oòrùn fún ìgbà pípẹ́, tó ti lẹ̀ mọ́ra.

3. Ìṣó olórí fífẹ̀ tí a fi síńkì bò ni kí wọ́n lò, mẹ́rin fún ẹyọ kan, mẹ́fà níbi tí ìjì ti ń jà. Kí ó wọlé tààrà lórí ìlà tí wọ́n fà sára ṣíńgù. Èyí tó bá ga ju ìlà lọ kò mú nǹkan kan.

4. Ibi tí òrùlé méjì ti pàdé, àti ibi tí òrùlé ti kan ògiri, ni omi máa ń gbà wọlé jù. Kí wọ́n fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ibẹ̀ dáadáa. Ẹ má gba "a ó fi kóótà lẹ̀ ẹ́".

5. Ẹ kàn án nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Bélú sí Ṣẹ́rẹ́. Ìlà kóótà kan wà lára ṣíńgù tí oòrùn gbọ́dọ̀ yọ́ kí ó tó lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn nínú òjò lè máà tíì lẹ̀ kí ìjì tó dé.

6. Ẹ má san owó tán kí òjò ńlá kan tó rọ̀. Ẹ dá díẹ̀ dúró, kí ẹ sì fi í sínú ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá kàn án tán, ẹ máa gbá ewé kúrò lórí rẹ̀ àti nínú ọ̀pá ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Àbàwọ́n dúdú lè máa jáde lójú rẹ̀ nítorí ọ̀rinrin. Ẹ̀dá kéékèèké kan ló ń hù níbẹ̀. Kò ní kí ó jò, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rọ omi alágbára fọ̀ ọ́, yóò ṣí òkúta kúrò. Omi òjò tó bá ti orí ṣíńgù wá, ẹ fi í fọ ilẹ̀, ẹ má mu ún.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ẸNI TÍ ILÉ RẸ̀ NÍ ASBESTOS

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi òòlù fọ́ ọ tàbí kí ó fi ẹ̀rọ gé e. Eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin dè é láti 1999. Bí ó bá wà lódindi, kò tíì di wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi, kí wọ́n sì wé e kí wọ́n tó gbé e lọ. Ẹ kó ọmọdé kúrò nílé lọ́jọ́ náà.

ÌMỌ̀RÀN ÌGBÌMỌ̀

Lójú tiwa, ilé àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ tẹ́, tí igi rẹ̀ kò lágbára, alumíníọ̀mù tó nípọn dáadáa ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ṣíńgù. Ilé tuntun tí wọ́n ti ní ṣíńgù lọ́kàn láti inú àwòrán rẹ̀, tó dagun tó, tí pákó rẹ̀ dára, tí atẹ́gùn sì ń wọ̀ ọ́, ṣíńgù yóò bọlá fún un. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó fún pláíwúùdù gidi, kí ó má ra ṣíńgù rárá. Kò sí ìtìjú nínú páànù tí kò jò.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wá gba ẹ̀yáwó fún òrùlé, kí ó mú ìwọ̀n ilé rẹ̀ wá, àti iye owó láti ọ̀dọ̀ olùtajà méjì ó kéré tán, àti orúkọ káfíńtà pẹ̀lú ilé kan tó ti kàn tí òjò ọdún kan ti rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe pé a fẹ́ ni yín lára o. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.